"Wọ́n" Inú Fáìlì Sájẹ́ǹtì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fajú ro: nínú ìtàn yìí, "ó" ni n ó máa pe Sájẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí mi, ó sì tó bí ẹni tó bí mi. Kì í ṣe pé n kò mọ ọ̀wọ̀. "Wọ́n" ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń ràn, ilé dákẹ́, kò sí àlejò kankan. Sájẹ́ǹtì jókòó sí pálọ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó gbé àga wá. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọ yìí, àní bàbá rẹ̀ pàápàá, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní èdè. Ó gbé àga méjì wá láti ìdí tábìlì ìjẹun. Bàbá wo àga, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní kò ní í tó. Tíṣà bi í pé ta ló ń bọ̀. Ògiri ni bàbá kọjú sí, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ti dúró pẹ́."

Tíṣà tún gbé àga wá. Kí ni kó ṣe? Dókítà ti sọ fún un pé ọkàn bàbá ti rẹ̀, kó má ṣe máa bá a jiyàn. Nígbà tí àga yí pálọ̀ po tán, bàbá dì í lọ́wọ́ mú.

"Lọ bá wa sọ fún wọn ní ọ́fíìsì àwọn ológun," ó ní. "A wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a wà níbẹ̀. Bí n bá kú láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́, n kò ní í sinmi."

"A." Tíṣà gbọ́ ọ dáadáa, kò sì kà á sí. Ṣebí báyìí ni àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. "A ti jẹun," "a fẹ́ sùn díẹ̀," òun nìkan ló jẹun, òun nìkan ni yóò sì sùn. Ohun tí Tíṣà gbọ́ ni pé bàbá òun fẹ́ gba mẹ́dàlì rẹ̀ kó tó kú.

Mẹ́dàlì wo? Gbogbo ẹni tó bá Sájẹ́ǹtì jagun ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ọ̀tá lé wọn dé etí odò, wọ́n yìnbọn lu lọ́rì tó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́. Lọ́rì dojú dé, ó gbiná, sójà tó kéré jù nínú wọn sì há sábẹ́ rẹ̀. Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Sájẹ́ǹtì wọ inú iná, ó gbé e jáde. Ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mẹ́dàlì ìgboyà ló tọ́ sí i, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun parí, wọ́n pín mẹ́dàlì fún àwọn tí kò gbọ́ òórùn iná rí, Sájẹ́ǹtì sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún àti àpá lọ́rùn. Kò béèrè, kò sì ráhùn. Tíṣà ló ń bá a ráhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ó tilẹ̀ ti ṣí àyè sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ fún mẹ́dàlì tí kò tíì fojú rí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan ni ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ àwọn ológun wà. Akọ̀wé tó gba Tíṣà lálejò gbé gíláàsì ojú sí iwájú orí, ó sì ń wá a káàkiri orí tábìlì. Tíṣà fi hàn án, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n dọ̀rẹ́. Akọ̀wé ṣí fáìlì, ó ka ohun tí Kékeré sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn nígbà náà lọ́hùn-ún: "Wọ́n wọ inú iná. Wọ́n gbé lọ́rì kúrò lára mi. Wọ́n gbé mi jáde."

Akọ̀wé ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. "Wọ́n" kì í ṣe ẹnì kan. Àwọn ọ̀gá tó ka ọ̀rọ̀ náà gbà pé àwọn sójà kan tí a kò mọ orúkọ wọn ló jọ ṣe é, mẹ́dàlì ìgboyà sì rèé, ẹnì kan là ń fún. Àti pé, ó fi kún un, ta ló lè dá gbé lọ́rì?

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá láti àárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "bàbá tó bí yín lọ́mọ, 'ó' lẹ máa ń pè wọ́n ni àbí 'wọ́n'?"

"'Wọ́n' ni."

"Bàbá yín wá jẹ́ mélòó?"

Akọ̀wé pa fáìlì dé, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kékeré ló kéré jù nínú gbogbo wọn. Báwo ni yóò ṣe gbójúgbóyà pe ọ̀gá rẹ̀ ní "ó"? Ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ sọ akọni di ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí Tíṣà wá Kékeré rí bó bá ṣì wà láàyè, kó mú Kékeré àti Sájẹ́ǹtì wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì. Bí Kékeré bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹnì kan ni, wọn yóò tún fáìlì kọ, wọn yóò sì fi mẹ́dàlì kọ́ Sájẹ́ǹtì láyà.

Tíṣà ròyìn fún bàbá nígbà tó délé. Kò dá a lójú pé bàbá nìkan lòun ń ròyìn fún. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni bàbá ń yíjú láti àga kan sí èkejì, tó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lábẹ́lẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan níbi tí Tíṣà kò ti dá àpárá kankan. "Tíṣà ni," ó ń sọ. "Ọmọ mi ni. Ó ń bá wa ṣe é."

Láti ìgbà náà ni Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí tìmùtìmù àwọn àga. Yóò gbọ̀n wọ́n, yóò fọwọ́ gbá wọn kí wọ́n wú dáadáa, yóò sì lọ bu omi wá fún bàbá. Bó bá fi máa padà, wọ́n á ti jìn láàárín, gbogbo wọn, bíi pé àwọn ọkùnrin tó wúwo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò níbẹ̀, tàbí pé wọn kò tíì dìde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fóòmù ti gbó. Ó ra tuntun. Tuntun náà jìn. Nígbà tó yá, kò gba àárín pálọ̀ kọjá mọ́. Ẹ̀yìn àga ló ń gbà, ó sì ń sọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi" lábẹ́ èémí, ojú sì ń tì í pé odidi tíṣà ló ń ṣe báyẹn.

Kò ṣòro láti rí Kékeré. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ó ń tún rédíò ṣe. Ó ti di arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan, síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Rédíò kún ìsọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìròyìn níbí, orin lọ́hùn-ún, ìwàásù láàárín. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ pé kó pa wọ́n kí àwọn lè gbọ́ ara àwọn. Kékeré kọ̀. Ó kúkú ní kí àwọn jáde lọ sí ẹ̀bá títì, níbi tí àwọn mọ́tò ti ń pariwo.

"Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́," ó ní, "mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Tíṣà bi í pé ta ni. Kékeré béèrè àlàáfíà Sájẹ́ǹtì, bóyá ó ṣì ń rìn, bóyá ó ń sùn dáadáa, bóyá àlejò máa ń wá kí i. Tíṣà dáhùn èyí tó lè dáhùn, ó fo ti àlejò. Ó wá sọ ojú abẹ níkòó: ta ló wọ inú iná lọ́jọ́ náà?

"Bàbá rẹ ni."

"Ẹnì kan?"

Kékeré wọn ọ̀rọ̀ náà wò kó tó sọ ọ́. "Ẹnì kan ni mo fojú rí."

Ìyẹn tó Tíṣà. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ló gbọ́, kò sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n àwa ọmọ ènìyàn, bí a bá ti ka ẹ̀fà tán, a ó ní ìṣirò ti parí. Ó kọ́ Kékeré bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì: bí ìgbìmọ̀ bá bi yín, ẹ ní ẹnì kan ni, ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un. Kékeré gbà, kò sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbìmọ̀, Tíṣà pe takisí wá sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá yọjú wò ó, ó ní ọkọ̀ yìí kò ní í gbà wọ́n. Tíṣà ní àwọn mẹ́ta péré ni, òun, bàbá, àti Kékeré tó ti sùn sílé wọn mọ́jú. Bàbá padà lọ jókòó. Kò bínú, ó kàn jókòó. Tíṣà fi ìbínú lọ háyà bọ́ọ̀sì. Bàbá wọlé, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ó ní káwọn máa lọ. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè kan lọ́nà, bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Dẹ́rẹ́bà wo gíláàsì ẹ̀yìn, ó rí obìnrin kan àti ẹlẹ́sẹ̀ kan láàárín àwọn àga tó ṣófo, ó ní kò yé òun, bọ́ọ̀sì ń wọ́ ilẹ̀ bíi pé ó kún. Kékeré ti di ojú.

Wọ́n rọra gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sinmi, títí wọ́n fi dé yàrá ìgbìmọ̀. Nígbà tí Tíṣà àti Kékeré wọlé tán, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú ní ṣíṣí, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ẹran wọ ọgbà. Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn tútù má jáde tán. Bàbá ní ó ku ẹnì kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tì í.

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì, ọkùnrin gíga onírun funfun. Obìnrin agbẹjọ́rò kan jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, akọ̀wé sì wà lósì pẹ̀lú fáìlì. Alága bi Kékeré pé "wọ́n" tó sọ lọ́jọ́sí, ẹnì kan ni àbí ọ̀pọ̀? Kékeré gbára lé igi abẹ́ abíyá rẹ̀, ó ní ẹnì kan lòun rí. Agbẹjọ́rò ní báwo ni ẹnì kan ṣe gbé lọ́rì? Alága ní òun ti rí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lójú ogun; ìpayà a máa fún ènìyàn lágbára. Akọ̀wé ti gbé bírò. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tíṣà ti ń rí mẹ́dàlì lára ògiri.

Ọ̀wọ̀ ló mú kí alága yíjú sí bàbá. "Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin nìkan ni, àbí?"

"A pọ̀, sà."

Tíṣà yára dá sí i pé báyẹn ni bàbá òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀, àgbà ni wọ́n, ẹ má kà á sí. Alága nawọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó bi bàbá pé àwọn wo.

"Àwọn ọmọ ogun abẹ́ mi, sà. Àwọn tí mo kó dé etí odò."

Alága ṣí fáìlì síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní gbogbo àwọn yẹn, àfi Kékeré, ló kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí lọ́rì tó gbiná lọ́sàn-án. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun fúnra òun lòun tò wọ́n sílẹ̀, òun lòun fi tapólì bò wọ́n.

"Mo fi èjìká ti lọ́rì, kò mì," ó ní. "Ọmọ yìí ń ké. Mo pè wọ́n. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú, sà, orí mi pé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè pè. Wọ́n sì dìde."

Ojú ti Tíṣà fún bàbá rẹ̀, inú sì bí i sí i: pẹ̀lú gbogbo ìyà tóun jẹ, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ bà á jẹ́. Ó fẹ́ sọ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Kékeré ló ṣáájú rẹ̀.

"Ẹnì kan ni mo rí, n kò purọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé mi pọ̀. Ọ̀kan wà lábẹ́ orí mi. Àwọn kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi, àwọn kan di itan mi mú. Iná ń jó wa, sà. Ọwọ́ wọn tutù."

Alága fi ọwọ́ bo ẹnu. Agbẹjọ́rò ló rántí iṣẹ́. Ó ní, pẹ̀lú sùúrù, pé ìgbìmọ̀ kò lè kọ ọ́ pé òkú gbé lọ́rì. Bó bá jẹ́ ẹnì kan, mẹ́dàlì wà. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀, kò sí mẹ́dàlì. Orúkọ nìkan ni wọ́n lè fi kún fáìlì. Nígbà tó sì jẹ́ pé ara bàbá kò le, tó jẹ́ Tíṣà ló mú ẹ̀bẹ̀ náà wá tó sì fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ tí Tíṣà bá sọ ni àwọn yóò tẹ̀lé. Ó bi í pé, ẹnì kan ni àbí wọ́n pọ̀?

N kò ní í parọ́ fún yín nítorí Tíṣà. Mẹ́dàlì náà wù ú. Ó wù ú ju bó ṣe wu bàbá rẹ̀ lọ, ìgbà yẹn ló sì tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó ti wà ní góńgó ahọ́n rẹ̀. Ó wo bàbá kó tó sọ ọ́. Bàbá kò wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni bàbá ń wò, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú bàbá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lé àlejò jáde. Ẹ̀bẹ̀ ló wà lójú náà. Kì í ṣe Tíṣà ló ń bẹ̀. "A wà níbẹ̀." Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti sọ ọ́ fún un, ní èdè tó yé ọmọdé. Òun tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní "mo" àti "a" ni kò gbọ́.

"Wọ́n pọ̀," Tíṣà ní.

Agbẹjọ́rò béèrè bóyá "wọ́n" ti ọ̀wọ̀ ni.

"Rárá, mà. Ti ọ̀pọ̀ ni."

Akọ̀wé ní kí bàbá dárúkọ wọn. Sájẹ́ǹtì dìde, ó na ẹ̀yìn tó ti ń dùn ún láti ìgbà ogun náà gbọọrọ, ó sì ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Gígùn. Alápatà. Ẹlẹ́rìn-ín. Ọkọ Ìyàwó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó nígbà tí ogun dé. Gbé-e-kaná, tí kò lè jẹ oúnjẹ tó ti tutù. Ọmọ Màmá. Bó bá pe ọ̀kan, yóò dúró díẹ̀ bí ọ̀gá ṣe ń dúró de ìdáhùn, yóò mi orí, yóò sì pe òmíràn. Nígbà tó pe Ọmọ Màmá, akọ̀wé gbé orí sókè lójijì, ó bojú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, kò sì gbé orí sókè mọ́ títí ó fi kọ ọ́ tán. Alága ti dìde dúró ṣánṣán. Ó ní kí akọ̀wé to gbogbo wọn sábẹ́ "wọ́n," kó fi orúkọ Sájẹ́ǹtì mọ́ wọn, kó má sì kọ aago sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé òkú àárọ̀ ló ṣiṣẹ́ ọ̀sán.

Báyìí ni wọ́n ṣe tún fáìlì náà ṣe. Kò sí mẹ́dàlì. Tíṣà sunkún díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí bàbá kò ti ní í rí i, ó nu ojú, ó sì wá di bàbá lápá mú. Kékeré ní kí wọ́n máa lọ síwájú. Òun fẹ́ jókòó sinmi díẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn nígbà tí orúnkún Sájẹ́ǹtì yẹ̀. Ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ kò sì lágbára tó. Ó dì í mú, àwọn méjèèjì jọ ń ṣubú lọ, ó sì rí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé wọn. Wọn kò débẹ̀. Nǹkan kan gbá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Òmíràn gbé e lẹ́yìn, òmíràn wà lábẹ́ abíyá bàbá, òmíràn sì wà ní ọrùn òun alára. Oòrùn ń ta wọlé láti ojú fèrèsé, irin àtẹ̀gùn gbóná débi pé kò ṣeé dì mú, àwọn ọwọ́ náà sì tutù wọ egungun. Wọ́n rọra gbé bàbá àti ọmọ nàró. Wọ́n tún kọ́là kóòtù bàbá ṣe kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Igbe ni Tíṣà fẹ́ ké. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń gba oore láìdúpẹ́.

"Ẹ ṣé o," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an."

"Ta lò ń kí?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Àwọn ọmọ yín ni, Bàbá."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti fara ti ògiri. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, gbogbo wọn jọ sọ̀kalẹ̀.